Tíátà Lábẹ́ Òrùlé Kan: Ògúndé, Àwọn Ìyàwó Rẹ̀ àti Àṣà Agbo Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ ńlá bá parí tán, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kù sí wa lẹ́nu. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré tíátà nílẹ̀ Yorùbá, Hubert Ògúndé ni a ń pè ní bàbá, oyè náà sì tọ́ sí i. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ wí ni pé ẹnì kan kì í dá nìkan jẹ́ baálé. Àwọn ará ilé ni wọ́n ń sọ ọkùnrin di baálé. Agbo ilé tí ó wà lẹ́yìn Ògúndé ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí.

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ṣàgámù, tí ó kọrí sí apá Ìjẹ̀bú-Òde, yóò gba agbègbè Òdògbólú kọjá. Agbègbè yìí ni ìlú Òsósà wà, níbi tí a ti bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní ọdún 1916. Ọmọ àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ṣùgbọ́n babaláwo ni bàbá ìyá rẹ̀. Àwa ará Rẹ́mọ náà sì ní ìpín nínú ìtàn yìí. Ní ọdún 1930 ni Wòlíì Josiah Òṣítẹ̀lú dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ. Ẹ̀ka ìjọ náà tí ó wà ní Èkó ni ó ní kí Ògúndé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré orin kan fún àwọn. Bí ó ṣe gbé eré ọgbà Édẹ́nì sórí ìtàgé ní gbọ̀ngàn Glover ní ọdún 1944 nìyẹn. Ní ọdún 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, tí ó fi eré ṣíṣe ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Nígbà tí Ògúndé wà ní ọmọdé ní Òsósà, ó máa ń tẹ̀lé àwọn eégún alárìnjó, ó sì máa ń bá wọn lùlù. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí iṣẹ́ alárìnjó ti rí. Iṣẹ́ ìdílé ni. Bàbá ń kọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò, àwọn obìnrin ilé ni ó sì ń gbe orin lẹ́yìn eégún. Bákan náà ni ó rí ní ilé Àyàn, ní ilé àgbẹ̀dẹ àti ní ilé àwọn ọlọ́nà. Nínú àṣà wa, iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jáde nílé lọ ṣe ní òwúrọ̀ kí ó tó padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Inú ilé ni iṣẹ́ wà, inú iṣẹ́ sì ni ilé wà.

Ṣùgbọ́n ìlú Èkó ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, láàrin àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìṣòro tí ó dojú kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Òbí wo ni yóò gbà nígbà náà pé kí ọmọbìnrin òun máa jó lójú agbo ní ìlú onílùú, kí ó sì máa sùn níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u? Oníṣekúṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá sì gbìyànjú láti dara pọ̀, bí ó bá ti lọ́kọ, ọkọ yóò ní kí ó fi í sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ yóò sì bá a lọ.

Ọ̀nà tí Ògúndé gbà já ìdí ọ̀rọ̀ náà ni pé ó fi àwọn òṣèré rẹ̀ ṣe aya. Àwọn ìyàwó náà lé ní mẹ́wàá. Bí obìnrin bá ti di aya, ẹnu àwọn ènìyàn yóò wọlẹ̀, òbí yóò mọ ẹni tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré kò sì ní pàdánù ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ dé, àwọn náà bọ́ sórí ìtàgé. Bí ọmọ àlùfáà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé alárìnjó nìyẹn, láàrin ìgboro Èkó.

Báwo ni ojúmọ́ ti ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Orin ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì máa ń kọ́ sórí. Ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń sọ kò sí nínú ìwé. Ògúndé yóò la ìtàn sílẹ̀, yóò sọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìran kọ̀ọ̀kan, òṣèré yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á dúró lórí èyí díẹ̀. Bí obìnrin kan bá ṣe ipa kan láti ìlú dé ìlú, tí ó ń pa òwe, tí ó ń yí gbólóhùn padà títí yóò fi dùn létí àwọn olùwòran, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ náà? Orúkọ Ògúndé ni ó wà lára pátákó ìpolówó, ṣùgbọ́n ahọ́n púpọ̀ ni ó hun eré náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn àjò. Ẹgbẹ́ alárìnkiri yóò dé ìlú, wọn yóò fi gbohùngbohùn kéde ara wọn káàkiri àdúgbò, wọn yóò to ìtàgé sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ní alẹ́, wọn yóò fi orin àti ijó kí àwọn olùwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́ kí wọ́n tó tún palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí yóò mọ irú iṣẹ́ tí ó wà nínú kí ìyá máa gbé irú ayé báyìí.

Ìdánwò dé ní ọdún 1964. Eré Yorùbá Ronú bí àwọn aláṣẹ nínú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fi òfin de Ògúndé pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba, ni wọ́n tó tú òfin náà ká. Ilé oúnjẹ ni wọ́n tì mọ́ wọn lójú yẹn. Ẹgbẹ́ alágbàṣe ì bá ti fọ́nká. Ẹgbẹ́ Ògúndé kò fọ́nká. Wọ́n ń ṣeré ní Èkó àti níbòmíràn tí òfin kò dé, eré Òtítọ́ Korò sì jáde lọ́dún yẹn kan náà. Òkùn ẹbí ni ó so wọ́n pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ń bọ́ wọn náà ń gbà lọ́wọ́ wọn. Clementina Adéṣẹwà, ìyàwó tí ó bá Ògúndé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947, tí ó sì jẹ́ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ náà, ìjàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á ní ọdún 1970. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni eré Onímọ́tò jáde.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ibi tí igi ti ń ṣe ibòòji náà ni gbòǹgbò rẹ̀ ti ń so ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ sú lè gba owó rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n aya tí ó bá fẹ́ fi irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ilé ọkọ ni ó ń fi sílẹ̀, àti ọmọ pẹ̀lú. Fẹlá ọmọ Abẹ́òkúta náà fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1978, akọrin àti oníjó rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ó di ọdún 1986, ó tú ìgbéyàwó náà ká. Àṣà tí ó ń dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ ẹ̀gàn lè tún jẹ́ èyí tí yóò bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ògúndé di olóògbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990, Òsósà ni wọ́n sì sin ín sí. Ó fi àwọn fíìmù bíi Aiyé, Jáiyésinmi àti Àyànmọ́ sílẹ̀ fún wa, ẹni tí ó bá sì wò wọ́n yóò rí àwọn ará ilé rẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àṣà wa kò lè yẹ́ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ sí. Gbogbo wa ni a mọ Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So. A kì í pè é ní ìyàwó Dúró Ládiípọ̀ lásán, òṣèré ni a mọ̀ ọ́n sí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ya fíìmù kiri Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo Rẹ́mọ. Bí ìyá àgbà kan bá wà ní àdúgbò yín tí ó ti bá ẹgbẹ́ alárìnkiri èyíkéyìí ṣeré rí, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ bi í ní ipa tí ó ṣe, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ lórí ìtàgé, kí ẹ sì kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tíátà ti gba oyè tirẹ̀. Ó ku kí á fi oyè àwọn ìyá dá wọn lọ́lá, kí ilẹ̀ tó ṣú.