Ta Ni Yóò Bọ́ Olùṣọ́-Àgùntàn Nígbà Ogbó?

Ní Àyèká àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nígbà tí ẹyìn bá so dáadáa, ara máa ń tu ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Kẹ́ẹ̀gì epo ń bọ̀, pupuru ń bọ̀, ìdámẹ́wàá ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹyìn ní àsìkò tirẹ̀. Bí ó bá wọ́n, àpótí ọrẹ á fúyẹ́, owó oṣù pásítọ̀ á sì dín.

Síbẹ̀, ti ogbó ló ká wa lára jù. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ bá fẹ̀yìn tì, yóò kó kúrò nílé míṣọ́ọ̀nù: ilé lọ, owó oṣù lọ. Àwa náà ti jó níbi irú ìdágbére bẹ́ẹ̀, a sì fi àpòòwé lé bàbá lọ́wọ́. (Àpòòwé kì í pẹ́ tán.) Ìwé Númérì orí 8 ní kí ọmọ Léfì kúrò nínú iṣẹ́ líle ní ẹni 50 ọdún, a kò rí ibi tí a ti ní kí oúnjẹ rẹ̀ dópin.

Ọ̀rọ̀ owó àlùfáà kì í ṣe tuntun. Ní 1861 ni CMS, lábẹ́ Henry Venn, bẹ̀rẹ̀ ètò ní Sierra Leone pé kí àwọn ọmọ ìjọ máa bọ́ àlùfáà wọn fúnra wọn.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ máa dá ó kéré tán 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Òfin kò fipá mú ìjọ kékeré, ṣùgbọ́n láti 2019 ni ọ̀nà ti ṣí fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ pàápàá.

Ká ní pásítọ̀ ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024. Ìjọ á san 7,000, òun á san 5,600: 12,600 lóṣù, 151,200 lọ́dún, láìka èrè rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ni owó náà wà. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Igbókòdá, ó bá a lọ. Bó bá kú, àwọn ajogún rẹ̀ ló ni ín.

Àwọn alàgbà kan á ní àìnígbàgbọ́ nìyí. Àwa kò gbà. Àwọn náà ló gbin ọ̀pẹ sílẹ̀ de ọmọ wọn. Nígbà ẹyìn ni kí akápò ti yọ 7,000 ti àwọn oṣù ọ̀wọ́n sọ́tọ̀, kí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tó gbọ́ pé owó wà.