Àwọn Alárenà Google

Ẹni tó ń ta líǹkì kì í sábà sọ pé líǹkì lòun ń tà. Yóò ní ìpolówó ọjà lòun ń bá àwọn òyìnbó ṣe, tàbí pé òun ń kọ àpilẹ̀kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó kàn ní “SEO ni mò ń ṣe,” ìyẹn ọgbọ́n mímú kí wẹ́bùsáìtì yọ sókè lórí Google, kó sì panu mọ́. Tó bá jẹ́ Ọ̀wọ̀ ló yá yàrá sí, ládùúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rufus Giwa Poly pọ̀ sí, kò yani lẹ́nu bí onílé bá rò pé ọmọ Yahoo ni: òru ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, dọ́là ló ń retí, kò sì sẹ́ni tó rí ọjà tó ń tà. Ẹ̀sùn yẹn ò tọ́ sí i. Kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Àmọ́ tí a bá bi í pé òótọ́ mélòó ló wà nínú ohun tó ń tà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn náà sì dùn ju bí àwọn olùkọ́ SEO orí YouTube ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Larry Page àti Sergey Brin, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford, wo bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe: ìwé tí àwọn ìwé mìíràn bá ń tọ́ka sí lemọ́lemọ́ ni ìwé tó lórúkọ. Wọ́n gbé ọgbọ́n yẹn wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé ní 1998, Google sì ti ibẹ̀ gbéra. Ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ojú ewé bá fi líǹkì tọ́ka sí ló ń wá sókè. Bí ẹni tó tọ́ka bá sì jẹ́ ẹni ńlá, ẹyọ kan tirẹ̀ wúwo ju ti ọgọ́rùn-ún mẹ̀kúnnù lọ. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń tọ́ka ò bá mọ̀ pé ẹnì kan ń kà á. Ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ ni líǹkì di ọjà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Oníbàárà wà ní Manchester tàbí ní Texas, ó ń ta bẹ́ẹ̀dì, tàbí ilé tẹ́tẹ́ ló ní, ó sì fẹ́ kí orúkọ òun yọ lójú ewé àkọ́kọ́ lórí Google. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Karachi, yóò kó orúkọ wẹ́bùsáìtì jọ, yóò wá e-mail àwọn tó ni wọ́n, yóò sì kọ lẹ́tà sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun ka àpilẹ̀kọ wọn, pé ó wú òun lórí. Kò kà á. Bí orí bá ṣe é, yóò rí líǹkì kan tó ti kú lórí wẹ́bùsáìtì ẹni ẹlẹ́ni, á wá kọ̀wé bí olóore pé “ẹ jọ̀ọ́, líǹkì yín kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, tiwa ṣeé fi rọ́pò.” Èyí sàn díẹ̀ nínú gbogbo ọgbọ́n wọn, torí ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ń rí nǹkan gbà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í fèsì. Àwọn tó bá fèsì, iye owó ni wọ́n sábà máa ń kọ ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ kú iṣẹ́.

Orí kí ni wọ́n ń gbé iye owó náà kà? Orí nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní DA tàbí DR, tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára wẹ́bùsáìtì, tó lè ga dé ọgọ́rùn-ún. Moz ló ṣe DA, Ahrefs ló ṣe DR, ilé iṣẹ́ tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ yìí gan-an ni méjèèjì. Google ti sọ títí ó ti sú u pé òun kì í wo ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀ nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń yọ ọjà, òun ni wọ́n ń bá oníbàárà sọ, òun náà ni wọ́n ń dá ọgbọ́n sí kó lè ga. Òṣùwọ̀n tí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ò gbà, tí gbogbo èèyàn sì ń ná an gẹ́gẹ́ bí owó: mi ò mọ orúkọ tó yẹ ká pe irú rẹ̀, àmọ́ “ìmọ̀ ìjìnlẹ̀” tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń pè é ti pọ̀ jù fún un.

Ibi tó kan wa ní tààrà ni .edu.ng. Àjọ NiRA ló ń mójú tó orúkọ wẹ́bùsáìtì tó parí sí .ng, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gba .edu.ng, ilé ẹ̀kọ́ gíga ló wà fún. Ti ìjọba, .gov.ng, ń gba ọwọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀, kọjá. Nítorí pé kò rọrùn láti rí gbà ni àwọn oníṣòwò líǹkì fi gbà pé líǹkì tó bá ti ibẹ̀ wá gbọ́dọ̀ lágbára ju ti .com lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Google ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé lẹ́tà tó wà níparí orúkọ kò fi nǹkan kan kún un, pé ilé ẹ̀kọ́ lórúkọ torí pé àwọn èèyàn ń tọ́ka sí i ni. Ọjà ò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n kan fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó tó ń ta nǹkan: wọn yóò dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kékeré kan sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ̀wé sí àwọn yunifásítì pé kí wọ́n bá àwọn gbé e sórí ojú ewé ìkéde wọn. Líǹkì ni wọ́n ń wá. Ẹ̀bùn náà lè jẹ́ òótọ́, ẹnì kan lè gbà á, kò sì sí òfin tí wọ́n rú. Àmọ́ ẹ ro ti ọmọ Ìdóàní tó rí ìkéde náà nínú blog ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí àwa náà ní lọ́pọ̀ yanturu, tó fi dátà rẹ̀ kọ àròkọ ránṣẹ́ nípa “ìdí tí oorun tó péye fi ṣe pàtàkì,” tí kò sì mọ̀ pé kí ìkéde yẹn tó dé ọ̀dọ̀ òun ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ti rí ohun tó ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àríyànjiyàn náà fúnra rẹ̀. Google ní líǹkì tí èèyàn bá sanwó fún láti fi gba ipò, ìrẹ́jẹ ni. Kò ní kéèyàn má ra ìpolówó o. Ó ní kó fi àmì sí i. Láti 2005 ni àmì “nofollow” ti wà, ní 2019 ó fi “sponsored” kún un, kí ẹ̀rọ lè mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ kà. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n ní ìyà wà fún un, ìyà náà sì dé ní oṣù kẹrin 2012 pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n sọ ní Penguin, tó ti ọ̀pọ̀ wẹ́bùsáìtì subú lóru ọjọ́ kan.

Èsì àwọn tó ń tà á ni pé alárenà làwọn. Nílé Yorùbá, alárenà ló ń ru ọ̀rọ̀ ọkùnrin lọ sọ́dọ̀ obìnrin, òun ló ń ròyìn ìdílé kan fún èkejì, wọ́n sì ń fún un ní nǹkan. Ta ló pe alárenà ní ẹlẹ́tàn rí? Bí ayé ṣe ń mọ ara wọn nìyẹn, kí ló dé tó fi di ẹ̀ṣẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà? Wọ́n á tún bi yín pé kí ni Google fúnra rẹ̀ ń tà lókè pátápátá ojú ewé rẹ̀, bí kì í bá ṣe ipò. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí Google ṣe fẹ́ ká gbà lọ. Ní oṣù kìíní 2012, Google fi ìyà jẹ ara rẹ̀: àwọn tó gbéṣẹ́ ìpolówó Chrome fún sanwó fún àwọn blog, líǹkì tí kò ní àmì yọ, wọ́n sì ti ojú ewé Chrome sẹ́yìn fún 60 ọjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kejì 2013, wọ́n wá Interflora tó ń ta òdòdó ní Britain tì lórí Google, kódà béèyàn bá tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn tí àpilẹ̀kọ olówó rẹ̀ ti kún inú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìgbèríko níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi padà sípò rẹ̀. Ilé ìtura kékeré kan ní Ìkàrẹ́ Junction tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ta ni yóò pè ní California?

Síbẹ̀ àfiwé alárenà yẹn kò pé, àwọn tó ń lò ó sì mọ̀. Alárenà tòótọ́ mọ ilé tó ń ròyìn. Ó ti wádìí bóyá àrùn wà níbẹ̀, bóyá olè ni bàbá wọn. Bí ìgbéyàwó bá sì dàrú, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n máa gbé ẹjọ́ wá. Ẹni tó ń ta líǹkì ò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn rí, kò mọ̀ bóyá ilé tẹ́tẹ́ náà ń sanwó fún ẹni tó jẹ, orúkọ rẹ̀ ò sì sí níbì kankan lórí àpilẹ̀kọ náà. Ó ń ròyìn ìdílé tí kò mọ̀ fún ìdílé tí kò fẹ́ mọ̀. Lójú tèmi, owó tó gbà kọ́ ni ọ̀ràn. Gbogbo ìwé ìròyìn tó ń gba ìpolówó ló ń gbowó. Àìmọ̀ tó fi gbowó náà ni, àti fífi ojú owó náà pamọ́ fún ẹni tó ń kà á.

Ohun kan ń bí mi nínú ju ìyẹn lọ. Àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ yìí ní ẹ̀rí tí owó ò lè rà, kò sì sí ibi tí wọ́n á so ó mọ́. Ní Ọ̀wọ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà láti 1968. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Láàjà níbẹ̀, ó hú àwọn ère alámọ̀ tó mú kí àwọn onímọ̀ tún ìtàn iṣẹ́ ọnà láàárín Ifẹ̀ àti Benin rò. Iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá òkè òkun. Ọdún Igogo ń gbé ọba jáde pẹ̀lú irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn lọ́dọọdún, nítorí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ìyàwó ọba inú ìtàn àtijọ́ ìlú náà. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ̀wé nípa gbogbo èyí ń wá ibi tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ara wọn ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré fún ọmọ tó mọ iṣẹ́ ni kó ṣètò ojú ewé kan tó dúró ṣinṣin, tó ní àwòrán, tó ní ọjọ́ ọdún náà, tó ní ọ̀nà téèyàn máa gbà débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Texas ló ń tà lóru.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ tún ní ìwọ̀sí tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ láti irú ìlú bí Ìfọ́n àti Ìdóàní kì í ṣàìní ọmọ ní London àti Houston, ohun àkọ́kọ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ṣe ni wẹ́bùsáìtì. Ẹnì kan ló ń fi káàdì rẹ̀ sanwó orúkọ wẹ́bùsáìtì náà. Àga ẹgbẹ́ yí padà, ìjà dé, tàbí ẹni náà ṣaláìsí, orúkọ sì já. Láàárín ọdún tí orúkọ náà fi wà láàyè, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìwé ìròyìn ti so líǹkì mọ́ ọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú orúkọ tó já bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dọdẹ kiri ayé. Wọ́n rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n gbé tẹ́tẹ́ sínú rẹ̀. Ó di pé ojú ewé tí wọ́n fi ń kéde ìkówójọ fún ilé ìwòsàn ìlú ń ròyìn kásínò. Ní 2024 ni Google tó kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ ní gbangba pé èyí ò dára. Àwọn tó ń ṣe é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé líǹkì tiẹ̀ ṣì níyì? Ní 2016, òṣìṣẹ́ Google kan ní ó wà lára ohun méjì tó lágbára jù. Ní 2023, òmíràn ní kò sí lára mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́. Ẹ̀yin ẹ yan èyí tó wù yín. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń gba owó oṣù nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ní báyìí tí ẹ̀rọ ń dáhùn ìbéèrè fúnra rẹ̀ kí èèyàn tó tẹ ohunkóhun, àwọn alárenà ti ń yí orin padà: wọ́n ní kí ẹ̀rọ dárúkọ oníbàárà làwọn ń tà báyìí. Iye owó ò wálẹ̀, nítorí oníbàárà kì í béèrè iye ẹni tó wọlé rà. Nọ́ńbà DR ló ń béèrè.

Láti 2007 ni Google ti ń ní kí aráyé wá fi ẹni tó ń ra líǹkì sùn. Ó ṣòro láti gbà pé aráàlú ni yóò kún inú fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó ra bẹ́ẹ̀dì tí kò dáa ò mọ̀ pé líǹkì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹni tó mọ̀ ni ẹni tó ń bá a du ipò kejì sí ẹ̀kẹta, òun náà sì ní alárenà tirẹ̀.