Wákàtí ló ń pa PIN nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ìkókó

Bí ìròyìn àìtó nọ́ọ̀sì ní Britain bá ti tún gbòde, ìsinmi ìbímọ lọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní bí nọ́ọ̀sì bá ti bímọ méjì tẹ̀lé ara wọn, PIN rẹ̀ ti kú nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

PIN ni nọ́ńbà tí NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ níbẹ̀, ń fún oníṣẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Revalidation ni wọ́n ń pè é. Ìwé kíkọ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wákàtí 35 náà wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn nọ́ọ̀sì jù ni wákàtí 450 tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni yóò fi pé. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ìsinmi ìbímọ tí òfin fọwọ́ sí. Ẹni tó bímọ méjì láàárín ọdún mẹ́ta, tó sì lo ìsinmi méjèèjì tán, ṣì ní ọdún kan lọ́wọ́. Ẹni tí PIN ń kú mọ́ lọ́wọ́ lẹni tí ìsinmi rẹ̀ fà gùn: owó olùtọ́jú ọmọ ti wọ́n jù, ọkọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyá àgbà kò sì sí nítòsí tí yóò bá a pọn ọmọ.

Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò bá pé lè gba yunifásítì lọ, fún ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó ṣe ìdánwò. Ìdánwò kan náà ni nọ́ọ̀sì tó kàwé n'Íbàdàn ń ṣe kó tó gba PIN: apá kan lórí kọ̀ǹpútà, apá kejì, OSCE, lójúkojú. Wọ́n lè gbé ọmọlangidi síwájú rẹ̀ pé ọkàn aláìsàn yìí ti dákẹ́. Yóò kó ọwọ́ méjèèjì lé e láyà, yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, nígbà 30, kó tó fẹ́ èémí méjì sí i.

Ìdánwò yẹn ń wo ọwọ́. Wákàtí 450 kò wò ó: nọ́ọ̀sì tó jókòó sí ọ́fíìsì alábòójútó lè ka wákàtí tirẹ̀ pé, láìfọwọ́ kan àyà aláìsàn kankan. Mi ò ní kí wọ́n pa òfin náà rẹ́; ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ọwọ́ ṣì mọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kó tó dìgbà náà, ìyá ọmọ lè máa gba ṣíìfìtì wákàtí 12 kan ṣoṣo lóṣù. Láàárín ọdún mẹ́ta, 432 nìyẹn. Kó wá ṣe méjì péré lé e.