Igi òkú inú adágún Ghana ní ọ̀rọ̀ bá ẹni tó ń fi iná ṣòwò sọ

Orí igi òkú yọ síta láàrin adágún Bosumtwi, nítòsí Kumasi ní Ghana. Igi wọ̀nyí kò hù nínú omi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti hù nígbà tí ọ̀dá mú kí adágún náà fà gidi.

Adágún yìí kò ní odò tó ń gbé omi rẹ̀ jáde, òjò àti oòrùn ló ń pinnu bó ṣe máa kún tó. Ọdọọdún ni ẹrẹ̀ tuntun sì ń tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, bí ojú ewé ìwé ìṣirò. Onímọ̀ nípa ilẹ̀, Timothy Shanahan, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ka ẹrẹ̀ náà padà sí bíi 3,000 ọdún, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 2009. Ọ̀dá ilẹ̀ Sahel tí gbogbo ayé pariwo ní àwọn ọdún 1970, kékeré ni lára tàtijọ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1400 kò lọ títí di bíi 1750!

Kí ló kan ẹni tó ń ta ẹja inú firísà? Iná ni. Nígbà tí omi Akosombo fà ní 1998, àti láàrin 2006 sí 2007, ṣe ni Ghana ń pín iná fún àwọn aráàlú. Togo àti Benin náà sì máa ń ra iná lọ́wọ́ Ghana. Lóòótọ́, gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná Ghana báyìí, ṣùgbọ́n gáàsì wọ́n ju omi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra firísà ńlá, kó ṣírò owó sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.