Àlàfo Inú Kílọ́ọ̀ṣì

Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ kòròpé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gosíló bá ti mú láti Ṣàngótẹ̀dó dé Ajah l'Ékòó. Kì í kúrò lórí pẹ́dàlì. Á tẹ̀ ẹ́, á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́. Kó tó dé ibùdókọ̀ Abraham Adésànyà, òórùn ìjóná ti gba inú ọkọ̀. Pléètì kílọ́ọ̀ṣì ló ń jó yẹn.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, òun náà ló ń tú wọn nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Pléètì náà, tí wọ́n lẹ lining mọ́ lójú méjèèjì, wà láàárín flywheel tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, àti pressure plate tí sípíríǹgì ń tì. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí pẹ́dàlì, sípíríǹgì á fún un pinpin, gbogbo wọn á jọ máa yí. Bí a bá tẹ pẹ́dàlì, wáyà á mú kí bẹ́ríǹ kan lọ ti ìka sípíríǹgì, pléètì á sì bọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníwáyà, àlàfo kan gbọ́dọ̀ wà láàárín bẹ́ríǹ yìí àti ìka sípíríǹgì. Ẹ fọwọ́ ti pẹ́dàlì wò: ó yẹ kó kọ́kọ́ rìn lófìfo, bíi mìlímítà 10 sí 20 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kó tó le. Àwọn kan rò pé bí pléètì bá ṣe ń jẹ ni àlàfo á máa fẹ̀. Rárá o. Bí pléètì bá ṣe ń fẹ́lẹ́, pressure plate á máa sún mọ́ flywheel, ìka sípíríǹgì á sì máa yọ bọ̀ wá bá bẹ́ríǹ. Lọ́jọ́ tí àlàfo bá tán, bẹ́ríǹ á máa ti sípíríǹgì láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí pẹ́dàlì. Kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á máa gbóná. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní lọ.

Ooru nìkan ni ìyà kòròpé. Nínú drag racing, níbi tí ọkọ̀ méjì ti sábà máa ń fi mítà 402 figagbága lójú ọ̀nà tààrà, ìyípo tún wà níbẹ̀. Ẹ mú èérún irin gíráàmù 10 tó jìnnà sí àárín pléètì ní sẹ̀ǹtímítà 10. Bó bá ń yí nígbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó fi ń fà láti já jáde ju kílò kan lọ díẹ̀. Bó bá di 8,000, ó ti di ìlọ́po 64, ó ju kílò 70 lọ. Àpò sìmẹ́ńtì gan-an ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Irin tó ti gbóná tó sì ti sán kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ńṣe ló máa bú.

Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì drag racing fi máa ń tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, tí wọ́n á ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n mọ bó ṣe nípọn tó bọ ẹ̀gbẹ́ pléètì, láti mọ̀ bóyá ó bọ́ tán. Ti àwọn ọkọ̀ Top Fuel, tó yára jù, lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú kílọ́ọ̀ṣì palẹ̀.

Síbẹ̀, nǹkan ṣì lè bú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọdún 1970, ní Lions Drag Strip ní agbègbè Los Angeles, gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ Don Garlits, awakọ̀ drag racing, fọ́, ó sì gé apá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wà nígbà náà, gíábọ́ọ̀sì á sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Garlits padà wá lọ́dún 1971, ó ti gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn ara rẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Lábẹ́ òfin NHRA, àjọ tó ń darí drag racing l'Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tó bá lè fi ìṣẹ́jú àáyá 11.49 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ sá mítà 402 náà gbọ́dọ̀ ní àmì ìfọwọ́sí ààbò SFI lára flywheel, kílọ́ọ̀ṣì àti ilé irin tó bò wọ́n. Sítíìlì tàbí titanium ni wọ́n sábà fi ń ṣe ilé yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fá a kó lè fúyẹ́, bóòtù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé.

Ti bóòtù yìí kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ kòròpé, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, kílọ́ọ̀ṣì kò sì jìnnà síbẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yín bá ń yọ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ dẹ wáyà wò, kí ẹ tó náwó lórí pléètì. Bó bá sì di dandan kó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ẹ ka bóòtù ara rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún kà á nígbà tó bá parí. Bó bá ní èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ kò pọn dandan, ẹ má tíì sanwó.