Ihò Ni Òṣùwọ̀n Ajá Tẹ́ríà

Láàárín ìròyìn ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ tí ẹ máa ń kà nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ajá kan dá yín lára yá. Kì í ṣe ajá ọdẹ tí a mọ̀ nílé, èyí tí í lé òkété wọ ihò, tí yóò sì dúró lẹ́nu ihò títí ọdẹ yóò fi fi èéfín lé ẹran jáde. Ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá ẹran. Tẹ́ríà ni wọ́n ń pè é. Inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa gbé adìẹ àti ọ̀dọ́ àgùntàn àwọn àgbẹ̀. Bí wọ́n bá lé e, inú ihò ni í sá wọ̀. Nígbà náà ni wọ́n máa ń rán tẹ́ríà tọ̀ ọ́ lọ. Wọn kò rán an kí ó lọ pa á. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ó kojú rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ó máa gbó láìdákẹ́, títí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yóò fi gba ẹnu ihò mìíràn jáde, tàbí títí àwọn tí ó wà lókè yóò fi tẹ̀lé ohùn ajá gbẹ́lẹ̀ dé ibẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ kì í sábà wúwo ju kílò 5 sí 7 lọ, ihò rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ púpọ̀. Ajá tí àyà rẹ̀ bá tóbi jù lè fi agídí wọlé, kí ó má sì rí ọ̀nà yí padà. Àyà ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ gígùn ṣe é ká, egungun ìhà kò ṣe é ká. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ nípa tẹ́ríà fi máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ká àyà ajá lẹ́yìn apá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìka yóò kan ara wọn. Fún ajá Jack Russell, ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ fún àyíká àyà jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 43. Ajá tí ó bá há sínú ilẹ̀ lè kú kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Íǹṣì kan péré lè pa ajá.

Àlùfáà John Russell, tí a bí ní 1795 tí ó sì kú ní 1883, ni a fi orúkọ rẹ̀ pe ajá náà. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Oxford ní 1819, ó ra abo ajá kan tí ń jẹ́ Trump lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta wàrà. Ìdàgbà ajá náà kò ju ti abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, irú èyí gan-an ni Russell sì ń fẹ́. Àwọn mìíràn rò pé ìgboyà ni ó kù, ni wọ́n bá da ẹ̀jẹ̀ bulldog mọ́ tẹ́ríà. Wọ́n rí ìgboyà, ṣùgbọ́n wọ́n rí orí gbàǹgbà àti àyà fífẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa jà láìgbó, àwọn tí ó wà lókè kò sì ní mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́. Ọmọ tí kò jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Ẹni tí ó mú ẹ̀jẹ̀ àlejò wọlé kò lè pàṣẹ fún ọmọ ajá pé kí ó mú ìgboyà, kí ó fi àyà sílẹ̀.

Ẹ wo ajá tí wọ́n ń pè ní Sealyham. Captain John Edwardes, ní ilé rẹ̀ tí ń jẹ́ Sealyham ní Pembrokeshire ní ilẹ̀ Wales, da oríṣiríṣi ajá pọ̀ títí ó fi rí ajá funfun ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan tí ọkàn rẹ̀ le. Kò kọ irú àwọn ajá tí ó lò sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ó fi ń yan ajá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1891, ajá náà di gbajúmọ̀. Ó dé orí pápá ìdíje ẹwà, ó sì dé ilé àwọn olówó. Alfred Hitchcock tí ń ṣe sinimá pàápàá sin ín. Ṣùgbọ́n adájọ́ ìdíje kò gbé ihò wá sí pápá. Irun ni ó ń wò, orí ni ó ń wò, ìdúró ni ó ń wò. Díẹ̀díẹ̀ ni ajá náà ń wúwo sí i, tí egungun rẹ̀ ń nípọn, tí irun rẹ̀ sì ń pọ̀. Orúkọ baba wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ihò ti ń kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn púpọ̀ ni Sir Jocelyn Lucas, tí ó ṣe aṣojú Portsmouth nílé aṣòfin láti 1939 títí di 1966. Ó ti ń fi Sealyham ṣọdẹ tipẹ́, ó sì kọ ìwé lórí tẹ́ríà ọdẹ ní 1931. Nígbà tí ọdún 1950 ń sún mọ́lé, ó mú Norfolk, tí wọ́n ṣì ń pè ní Norwich nígbà náà, gun Sealyham. Norfolk kéré, gíga rẹ̀ kò ju bí íǹṣì 10 lọ. Sealyham lè ga dé íǹṣì 12, akọ rẹ̀ sì lè wọn kílò 9. Ọmọ tí wọ́n bí kéré ju Sealyham lọ, ó sì fúyẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Lucas Terrier.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí níbẹ̀. Àwọn ọmọ àkọ́kọ́ láàárín ẹ̀yà méjì a máa jọra wọn. Bí a bá wá mú àwọn ọmọ náà gun ara wọn, àwọn ọmọ-ọmọ a máa yàtọ̀ síra: ọ̀kan a tóbi bí ìyá àgbà, òmíràn a kéré bí bàbá àgbà. Àfi kí ẹni tí ń sìn wọ́n máa ṣà wọ́n láti ìran dé ìran. Nígbà tí Lucas náà di ajá inú ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn mìíràn tún da ẹ̀jẹ̀ tẹ́ríà tí ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì pè é ní Sporting Lucas.

Àwọn ọdẹ Jámánì náà ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ajá tẹ́ríà mẹ́rin tí awọ wọn dúdú tí ó sì pọ́n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ nìkan kò tó. Wọ́n fi tẹ́ríà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Wales kún un. Ní 1926 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ajá náà sílẹ̀, Jagdterrier ni orúkọ rẹ̀.

Lónìí, òfin ti ká iṣẹ́ náà kò. Láti oṣù kejì 2005, òfin ọdún 2004 ti fi òpin sí fífi agbo ajá dẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní England àti Wales. Tẹ́ríà kan ṣoṣo ni a lè rán wọ ihò lẹ́ẹ̀kan, nítorí ààbò ẹyẹ tí wọ́n ń sìn fún ìbọn, lábẹ́ àṣẹ líle. Sealyham alára ti ṣọ̀wọ́n: ní 2008, ọmọ ajá 43 péré ni wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ ní Kennel Club.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sin ajá láti ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé, àwọn mìíràn sì ń fi owó gọbọi ra ajá òyìnbó nítorí orúkọ. Ẹ má bèèrè orúkọ ẹ̀yà nìkan. Ẹ bèèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí ìyá rẹ̀, nítorí a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Iṣẹ́ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ó dúró síbẹ̀ láéláé. Ìran tí kò bá ṣe é, yóò sọ ọ́ nù.