Kí Béèsì Tó Sọ Ohun Tó Máa Jáde

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Prọ̀fẹ́sọ̀, tí béèsì alágbára bá pàdé 2-bromo-2-methylbutane, kí ló máa jáde?" Èmi náà á bi wọ́n pé, béèsì wo?

Ẹ jẹ́ ká wo molecule náà ná. Kábọ́nì tó gbé brómìn dání, kábọ́nì mẹ́ta mìíràn ló yí i ká. Béèsì ò rọ́nà gba ẹ̀yìn wọlé láti rọ́pò brómìn, nítorí náà ẹni tó bá kọ ìpààrọ̀ sílẹ̀, òdo ni màá fún un. Ohun tó lè ṣe ni kó já háídírójìn kan gbà lára kábọ́nì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Brómìn á bọ́ lọ, kábọ́nì méjèèjì á wá fi ìdè méjì di ara wọn mú.

Háídírójìn wo ló já? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ ti CH2, 2-methyl-2-butene la ó rí. Tó bá jẹ́ ti CH3, 2-methyl-1-butene ni. Òfin tí Zaitsev, ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1875 fara mọ́ ti àkọ́kọ́, torí kábọ́nì tó so mọ́ ìdè méjì rẹ̀ pọ̀ jù. Sodium ethoxide gbọ́ràn sí òfin yìí: nǹkan bí 70 nínú 100 ni 2-methyl-2-butene. Àmọ́ potassium tert-butoxide sanra. Ó dà bí ọkùnrin tó gbé àpò ìrẹsì wọ dánfó: ẹnu ọ̀nà ló máa jókòó sí. CH3 tó wà létí ló lè tọwọ́ bọ̀, nǹkan bí 72 nínú 100 á sì di 2-methyl-1-butene.

Ṣé ẹ rí i pé èèyàn ò lè há òfin kan sórí kó sùn lọ?

Ẹ má sì fẹnu lásán sọ ọ́. Ọ̀kan ń hó ní nǹkan bí 31°C, èkejì ní 38°C. Wọ́n sún mọ́ra jù fún ìhó-sè lásán láti yà wọ́n. NMR ni kí ẹ lọ bá. Háídírójìn méjì ti 2-methyl-1-butene máa ń yọ ní ìwọ̀n 4.7 ppm, ẹyọ kan ti èkejì ní 5.2 ppm. Ẹ fi 2 pín ti 4.7 kí ẹ tó fi wọ́n wéra! Mo ti rí iṣẹ́ àṣejáde tí tábìlì rẹ̀ dojú rú pátá nítorí ìpín kékeré yìí. Tí ẹ bá rí 2 níbí, 1 lọ́hùn-ún, ìdajì-ìdajì ni wọ́n, kì í ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta.